Ọmọ Wa Lórí Fóònù: Ìbéèrè Tí Àwọn Òbí Ń Bi Mí Lórí Ààbò Ọmọdé àti Ọ̀dọ́ ní Íntánẹ́ẹ̀tì, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí nílé-ìwé girama kan n'Ìbàdàn. Bí ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá ti parí, àwọn ìyá àti bàbá máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á wá béèrè ohun tí wọn ò fẹ́ béèrè lójú gbogbo èèyàn. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn. Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọmọ tí aburú ń bá jù ni àwọn tí kò lè sọ nílé. Ẹni tó ń lépa ọmọ lórí fóònù kò ní ẹgba lọ́wọ́. Ẹgba tiwa tó wà nílé ló fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ náà.

Ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó ní fóònù tirẹ̀?

Mi ò lè dá ọjọ́ orí kan fún gbogbo ilé. Ọmọ tó ń wọ mọ́tò méjì kó tó dé ilé-ìwé nílò ohun tó fi máa pè yín bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, fóònù oníbọ́tìnnì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì sì tó fún ìyẹn. Fóònù ńlá ni kí ẹ fi sùúrù sí.

Ní ti áàpù, àwọn tó ni wọ́n ti dá ọjọ́ orí tiwọn. WhatsApp, Facebook, Instagram, TikTok àti Snapchat, kò sí èyí tó gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ wa níbí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa ni pé ẹ̀gbọ́n, tàbí ìyá fúnra rẹ̀, máa bá ọmọ ọdún 11 kọ 1998 síbi ọdún ìbí kí áàpù lè gbà á wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Láti ọjọ́ náà lọ, àgbàlagbà ni áàpù ka ọmọ yẹn sí. TikTok kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé 18 ṣe láìfù (live). Instagram bẹ̀rẹ̀ àkáǹtì àwọn ọ̀dọ́ ní 2024, èyí tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tì í. Ọdún ìbí irọ́ kan ṣoṣo ló gbá gbogbo ààbò wọ̀nyẹn dànù. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ ní kí ọmọ yín fi ọdún ìbí tó wà lórí àkáǹtì rẹ̀ hàn yín.

Àwọn ọmọ mi ò ní fóònù, tèmi ni wọ́n ń gbà lò. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ó wà, àwa òbí kì í sì í fura sí i. Lórí fóònù yín ni áàpù báǹkì yín wà. Ibẹ̀ náà ni fídíò tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ń gbé sí gúrúùpù ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ ń já sí, tí WhatsApp sì ń kó lọ sí Gallery fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ní òun fẹ́ wo fọ́tò ọjọ́ ìbí òun lè bá ohun tí kò yẹ kó rí pàdé níbẹ̀. Ẹ wọ Settings WhatsApp yín, ẹ tẹ Chats, ẹ pa Media visibility. Ẹ fi password tàbí ìka ọwọ́ ti áàpù báǹkì, ẹ má sì fi nọ́ńbà káàdì ATM yín sílẹ̀ nínú Play Store láìjẹ́ pé ó máa béèrè password kó tó ra ohunkóhun.

YouTube náà gba ìṣọ́ra. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ látorí àlọ́ Ìjàpá, YouTube á máa gbé òmíràn tẹ̀ lé e, kó tó di pé ẹ sè ìrẹsì tán, ó ti dé ibi tí ẹ ò rán an. YouTube Kids ló dára fún àwọn kékeré. Fún ọmọ tí kò tíì pé 13, ẹ lo Google Family Link, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa jẹ́ kí ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ọmọ náà, áàpù tó bá fẹ́ gbé sórí fóònù á kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè yan aago tí fóònù máa tì lálẹ́.

Ọmọ mi ò ju ọdún méje lọ. Kí ni mo fẹ́ bá a sọ?

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó di pé ó ní fóònù rárá. Ẹ jẹ́ kó mọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ bó ṣe rí, kó sì mọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní kó ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀ fún ẹni tó bá pàdé nínú géèmù. Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kó há sórí bó ṣe há ABD sórí: ẹni tó bá ní "má sọ fún mọ́mì ẹ", ọ̀rọ̀ ẹni náà gan-an ni kó o wá sọ fún mọ́mì.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa, tí àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ lókè òkun kì í sọ. A ti kọ́ ọmọ wa pé kí wọ́n kúnlẹ̀ kí àgbà, kí wọ́n má já àgbà ní koro, kí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ tí àgbà bá rán wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lépa ọmọ mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ yìí, òun ni wọ́n ń lò. Wọ́n á pe ara wọn ní àǹtí tàbí bọ̀dá, ọmọ á sì máa rò pé ìwà àfojúdi ni bí òun bá pa fóònù mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ sọ ọ́ létí rẹ̀ kedere pé ẹni tí ẹ̀yin òbí rẹ̀ kò fi hàn án kì í ṣe àgbà tó gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí lẹ́nu, àti pé bó bá pa fóònù mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ẹ ò ní bínú sí i láéláé.

Báwo ni àjèjì ṣe ń rí ọmọ mú nígbà tí kò mọ ilé wa?

Wọn kì í yára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé inú géèmù bíi Free Fire tàbí Roblox ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tàbí nídìí fídíò TikTok tí ọmọ gbé jáde. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ìyìn: "O mọ ọ̀n gbá gan-an o. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Bí ọmọ bá dáhùn, ó ku ẹ̀bùn. Dátà 1GB, tàbí owó inú géèmù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí àwọn lọ máa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp tàbí Telegram, torí pé níbẹ̀ kò sí ẹni tó ń wo nǹkan. Ẹ kíyè sí ìṣípòpadà yìí dáadáa. Òun ni àmì tó hàn jù lọ.

Níbẹ̀ ni ìbéèrè á ti yí padà. "Ta ló máa ń wà nílé báyìí?" "Ṣé mọ́mì ẹ máa ń yẹ fóònù ẹ wò?" Ọmọ lè rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, àmọ́ ẹni náà ń wo ibi tí ògiri ti lanu ni. Bí ọmọ bá ti ní àríyànjiyàn kékeré pẹ̀lú yín, òun ló máa gbè é lẹ́yìn: "Wọn ò fẹ́ràn ẹ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ." Ìgbà tí ọmọ bá ti gbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á wá béèrè fọ́tò, èyí tí kò burú ní àkọ́kọ́, kó tó di èyí tó burú. Tàbí kí wọ́n ní kó wá pàdé àwọn.

Ní ti ìpàdé yẹn, ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Festac l'Ékòó ní oṣù keje ọdún 2012. Ọmọbìnrin kan tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní yunifásítì wá pàdé àwọn tó mọ̀ lórí Facebook, wọ́n sì pa á sí hòtẹ́ẹ̀lì. Àgbà lòun, ó gbọ́n, ó ń ṣòwò. Kò sí ìdí kankan tí ọmọ ọdún 15 fi gbọ́dọ̀ lọ pàdé ẹni orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti àmì tí ẹ lè rí nílé: ọmọ tó ń yí ojú fóònù sísàlẹ̀ bí ẹ bá ń bọ̀, tó ń jí lóru torí fóònù, tó ní àkáǹtì kejì tí ẹ ò mọ̀, tí ẹ̀bùn ń wọlé fún láìmọ ibi tó ti wá. Ọ̀kan nínú wọn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọmọ mi ti fi fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹni náà sì ń béèrè owó. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jókòó ti ọmọ náà ná. Bí inú bá ń bí yín, kó bí yín lọ́la. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí, akátá sì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín ni irú èyí: "Ó dáa tó o sọ fún mi. Ẹni tó ń ṣe èyí fún ẹ ló jẹ̀bi. A jọ máa yanjú ẹ̀ ni." Bí ẹkún bá gbà yín, ẹ sunkún, àmọ́ ẹ má gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ti fi hàn wọ́n pé òun lè san. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ọdún 17 kan rò pé ọmọbìnrin ẹgbẹ́ òun lòun ń bá sọ̀rọ̀ lórí Instagram. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Èkó ló wà nídìí àkáǹtì náà, àkáǹtì tí wọ́n ti gbà mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́ sì ni. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Wọ́n ní kó mú 1,000 dọ́là wá, ó fi 300 ránṣẹ́, wọ́n tún béèrè òmíràn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tí ọmọ náà fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan. Wọ́n gbé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lọ sí Amẹ́ríkà ní 2023, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ilé-ẹjọ́ rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́fà. Ní oṣù keje ọdún 2024 yẹn kan náà, Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Instagram, kéde pé àwọn ti pa àkáǹtì Instagram bíi 63,000 ní Nàìjíríà nítorí irú iṣẹ́ yìí. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tó kàn wá lẹ́ẹ̀mejì ni: ọmọ wa lè bọ́ sọ́wọ́ wọn, ọmọ wa sì lè wà lára wọn.

Ọmọkùnrin láti ọdún 14 sí 17 ni àwọn tó ń gba owó báyìí ń lépa jù. Òbí tó ń ṣọ́ ọmọbìnrin nìkan ti fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀.

Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ ya screenshot orúkọ àkáǹtì ẹni náà, línkì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tó ní kí ẹ sanwó sí, àti ìhàlẹ̀ tó kọ, kí ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ẹ fẹjọ́ àkáǹtì náà sùn nínú áàpù, lẹ́yìn náà kí ẹ blọ́ọ̀kù rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ètò Take It Down ní takeitdown.ncmec.org. Ọ̀fẹ́ ni, fún fọ́tò tàbí fídíò tí wọ́n yà nígbà tí èèyàn ò tíì pé 18, kò sì béèrè orúkọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: fọ́tò náà kò ní kúrò lórí fóònù ọmọ yín. Ẹ̀rọ wọn á ka fọ́tò náà lórí fóònù níbẹ̀, á fi ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà kan ṣe àmì fún un, àmì yìí nìkan ló máa lọ sọ́dọ̀ Facebook, Instagram, TikTok, Snapchat àti àwọn mìíràn tó wà nínú ètò náà. Bí ẹnì kan bá wá gbé fọ́tò náà síbẹ̀, wọ́n á dá a mọ̀, wọ́n á sì yọ ọ́. Kò lè rí inú WhatsApp, ẹ mọ èyí. Fún ẹni tó ti ju 18 lọ, StopNCII.org ló ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ dá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kó wá sùn sí yàrá yín, kí ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí ọmọ lórí. Ó máa ń jẹ́ kó lè mí ni.

Ṣé òfin Nàìjíríà mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí?

Ó mọ̀. Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015, tí wọ́n ṣàtúnṣe sí ní 2024, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé 18 sí ọmọdé. Abala 23 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ṣe àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé, tàbí tó pín in kiri, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó 20 mílíọ̀nù náírà, tàbí méjèèjì. Ẹni tó kàn ní in lórí fóònù tirẹ̀ lè gba ọdún 5, tàbí kó san 10 mílíọ̀nù, tàbí méjèèjì. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tan ọmọ kó lè bá a lòpọ̀ náà ti rú òfin kan náà, kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín: bí fídíò ọmọ kan bá dé gúrúùpù ìjọ tàbí ti àdúgbò, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé "ẹ bá wa gbé e kiri kí ọwọ́ lè tẹ ọkùnrin yìí", ẹ má gbé e kiri. Ẹ ń tún ọmọ yẹn tú sí ìhòòhò ni, òfin ò sì ní béèrè bóyá àánú ló ṣe yín. Ẹ gba orúkọ àkáǹtì tó kọ́kọ́ gbé e jáde, kí ẹ fi tó ọlọ́pàá létí.

Ṣé kí n máa yẹ fóònù ọmọ mi wò láìjẹ́ kó mọ̀?

Èmi ò fara mọ́ ọn. Fún ọmọ tí kò tíì pé 13, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀, kó jẹ́ àdéhùn láti ọjọ́ tí fóònù ti wọlé. Fún ọmọ ọdún 15 tàbí 16, ẹ jọ jókòó, kó fi àwọn tó ń tẹ̀ lé e hàn yín, kó sọ bí ó ṣe mọ wọn. Bó bá mọ̀ pé ẹ ń jí fóònù òun wò, á ṣí àkáǹtì mìíràn sórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Òfin ilé tó dára ju gbogbo áàpù aṣọ́ni lọ ni pé fóònù gbogbo ará ilé, ti bàbá náà wà níbẹ̀, máa sùn sí pálọ̀ lálẹ́. Òru ni ọ̀pọ̀ aburú yìí ń ṣẹlẹ̀.

Kí ni nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ fi ránṣẹ́?

Kọ́ọ̀dù tí WhatsApp fi ń ṣí àkáǹtì lórí fóònù mìíràn ni. Wọ́n á ti gba àkáǹtì ọ̀rẹ́ ọmọ yín mọ́ ọn lọ́wọ́, á wá jọ pé ọ̀rẹ́ náà ló kọ̀wé: "Jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi kọ́ọ̀dù kan ránṣẹ́ sí ẹ, bá mi fi padà." Bó bá fi padà báyìí, àkáǹtì tirẹ̀ náà ti lọ, wọ́n á sì máa fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àǹtí ẹ̀ àti pásítọ̀ wọn. Ẹ wọ Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ yan PIN. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ tún wọ Privacy, ẹ tẹ Groups, ẹ yan My contacts, kí àjèjì má baà máa fà á sínú gúrúùpù tí kò mọ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín lórí WhatsApp. Ṣé kí n lọ bá àwọn òbí wọn nílé?

Ẹ má tíì lọ. Mo mọ bó ṣe ń rí: wọ́n á ya fọ́tò ọmọ níbi tó ti ń jẹun, wọ́n á sọ ọ́ di sítíkà, sítíkà náà á dé gbogbo SS1 kí aago ìsinmi tó lù. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò ní gúrúùpù, wọ́n á dá a padà kó lè wá ka ohun tí wọ́n sọ, wọ́n á tún yọ ọ́. Nígbà kan rí, ẹni tí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín nílé-ìwé máa ń rí ìsinmi bó bá délé. Ní báyìí ó ń bá a dórí ẹní.

Ẹ ya screenshot, ẹ má jẹ́ kó dá wọn lóhùn, kí ẹ kó o wá fún tíṣà kíláàsì tàbí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé. Ilé-ìwé ló yẹ kó pe gbogbo òbí jọ. Bí òbí bá lọ bá òbí nílé, ìjà ni wọ́n sábà máa fi ń parí, ọmọ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà ló máa jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí ẹ sì fi sùúrù béèrè nípa tiyín náà. Mo ti rí òbí tó wá fẹjọ́ sùn, tí a wá rí i nínú àwọn screenshot pé ọmọ tirẹ̀ ló ṣe sítíkà àkọ́kọ́.

Ọmọ ọdún 16 mi ní fóònù olówó ńlá tí n kò rà. Ó ní iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ bi í léèrè dé gbòǹgbò. Iṣẹ́ gidi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀dọ́: yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, títún fídíò ṣe, kíkọ èdè kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń ṣe wọ́n lè fi iṣẹ́ náà hàn yín, ó lè sọ ẹni tó gbé e fún un àti báwo ni owó ṣe wọlé. Ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ara fu yín sí i.

Àwọn tó ń ṣe Yàhúù ń wá ọmọ girama. Kì í ṣe pé wọ́n máa ní kó wá jalè. Wọ́n á ní kó yá àwọn ní àkáǹtì báǹkì rẹ̀, tàbí ti ìyá rẹ̀, kí owó kan gbà á kọjá, kó mú díẹ̀ níbẹ̀. Bí EFCC bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ó dùn mí pé àwọn òbí kan ń gba owó yìí, wọ́n sì ń gbàdúrà sí i. Ọmọ tí wọ́n ń fi fọ́tò rẹ̀ gba owó ní Michigan ní ìyá tiẹ̀ náà.

Wọ́n fi AI (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ayédèrú àwòrán àti ohùn) ṣe fọ́tò ìhòòhò ọmọ mi, kò sì ya irú ẹ̀ rí.

Bí ẹ ó ṣe ṣe èyí kò yàtọ̀: ẹ̀rí, Take It Down, ọlọ́pàá, ilé-ìwé. Ẹ gbà á gbọ́ pé kò ya á. Ó ń jẹ́ kí n sọ nípa fọ́tò tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé sí Facebook pẹ̀lú. Ọmọ nínú yunifọ́ọ̀mù, orúkọ ilé-ìwé láyà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ nísàlẹ̀, ó pọ̀ jù. Ọmọ tó ń wẹ̀ nínú bàsíà, ẹ jẹ́ kó wà nínú álúbọ́ọ̀mù ilé.

AI ń ṣe ohùn náà. Bí ẹnì kan bá pè yín tó ń ké bí ọmọ yín pé wọ́n ti jí òun gbé, ẹ pa fóònù náà, ẹ pe nọ́ńbà ọmọ náà fúnra yín. Ó dára kí ilé ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa fi dá ara wọn mọ̀. Oríkì ìyá àgbà yín dára fún èyí, bí kò bá ti sí lórí Facebook.

Wọ́n fi ìkìlọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi pé géèmù kan ń pa ọmọdé.

Irú ìkìlọ̀ tó gba gbogbo ayé kan ní 2018 àti 2019 nípa Momo nìyẹn, obìnrin olójú ńlá. Ère tí ayàwòrán kan ṣe ní Japan ni, kò sì sí ẹ̀rí pé ó pa ọmọ kankan. Ohun tí ìkìlọ̀ náà ṣe ni pé ó fi àwòrán tó ń dẹ́rù bani han àwọn ọmọ tí kò rí i rí.

A ń gbé lókè òkun, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ta ni ọmọ mi lè pè, ta sì ni àwọn tó wà nílé lè pè?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń tọ́jú arúgbó ẹlòmíì lóru nígbà tí ọmọ wà nílé pẹ̀lú fóònù. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà wọ̀nyí wà lára fíríìjì. Ní Britain, ọmọ lè pe Childline lórí 0800 1111 lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́sàn-án lóru, kì í sì í hàn nínú owó fóònù ilé. Childline kan náà ní ètò Report Remove fún yíyọ fọ́tò ìhòòhò ẹni tí kò tíì pé 18. Láti ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2025, òfin Online Safety Act ti ọdún 2023 ti fi dandan lé e fún àwọn tó ni áàpù níbẹ̀ pé kí wọ́n dáàbò bo ọmọdé, nítorí náà bí ẹ bá fẹjọ́ sùn tí wọn ò dáhùn, ẹ má dákẹ́. Ní Amẹ́ríkà, NCMEC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó sọnù àti àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ìṣekúṣe, ni kí ẹ pè: 1-800-843-5678. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá pe ìjọba, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Òbí tó wá fẹjọ́ ẹni tó ń lépa ọmọ rẹ̀ sùn, iṣẹ́ òbí ló ń ṣe.

Ní Nàìjíríà, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ní nọ́ńbà kúkúrú 627. L'Ékòó, DSVA tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ wà lórí 08000333333, ọ̀fẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ẹ̀ka ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì l'Ábújá, ẹ sì lè fẹjọ́ sùn lórí nccc.npf.gov.ng láti ibikíbi. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, bóyá ọmọ ti jáde lọ pàdé ẹnì kan, 112 ni kí ẹ tẹ̀. L'Ékòó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó pè, ẹ mú ìwé àti bírò: orúkọ àkáǹtì ẹni náà, nọ́ńbà rẹ̀, aṣọ tí ọmọ wọ̀ jáde, àti ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.